Ọ̀pá Púùlù: Èwo Ni Ó Bá Ọwọ́ Yín Mu?

Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, ọ̀rọ̀ ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àti owó ẹgbẹ́ ni ó sábà máa ń gba àyè. Lónìí, a fẹ́ kí ẹ fún wa ní àyè díẹ̀ kí a sọ̀rọ̀ nípa eré kan tí ó ti wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa, tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn, tí àwọn àgbà mìíràn pàápàá kò sì kẹ̀yìn sí. Eré púùlù ni. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ púùlù tí àwọn bàbá wa máa ń fi àmì sí nínú ìwé ni a ń wí o. Eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì aláṣọ àwọ̀ ewé ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò wa ń pè ní snúkà.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé ni àríyànjiyàn tí kì í tán ní ibi eré ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan á ní ọ̀pá dúdú tí wọ́n ń fi kábọ̀nù ṣe ni ọba gbogbo ọ̀pá. Èkejì á ní igi ni igi ń jẹ́. Ẹ̀kẹta á ní ọ̀pá tí kò bá sanra, ọ̀pá ọmọdé ni. Èrò tiwa ni pé kò sí ọ̀pá kan tí ó dára jù lọ fún gbogbo ènìyàn. Bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ Lágbájá mu lè ha ẹsẹ̀ Tàmẹ̀dù. Ọwọ́ ẹni ni a ń kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó yan ọ̀pá tí yóò bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ra ọ̀pá, kí ó tó mọ ọwọ́ ara rẹ̀, owó rẹ̀ ni ó gbá sínú ihò.

ẸYÀ ARA Ọ̀PÁ

Ọ̀pá púùlù gùn tó nǹkan bí íǹṣì 58. Àwọn kan jẹ́ odindi láti ìdí dé orí; irú èyí ni ó máa ń wà lára ògiri ní ibi eré. Àwọn mìíràn jẹ́ ìdajì méjì tí a ń yí mọ́ ara wọn ní oríkèé. Ìdajì ẹ̀yìn, tí ọwọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù dì mú, ni ìdí ọ̀pá. Ìdajì iwájú tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń yọ́ kọjá láàárín àwọn ìka ọwọ́ kejì, ni a óò máa pè ní ọ̀pá iwájú. Ní ẹnu rẹ̀ ni òrùka funfun kan wà, orí òrùka náà ni awọ kékeré tí ń kan bọ́ọ̀lù sì wà.

Awọ yìí kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ará Faransé kan, François Mingaud, ni a mọ̀ mọ́ fífi awọ sí orí ọ̀pá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800. Kí ó tó di ìgbà náà, igi lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bí wọ́n bá sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, yíyọ̀ ni ọ̀pá máa ń yọ̀.

Iṣẹ́ ọnà àti ọ̀dà tí ń dán máa ń wà ní ìdí ọ̀pá, ibẹ̀ ni ojú àwọn tí ń rà á sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá iwájú ni alágbàṣe. Nígbà tí awọ bá kan bọ́ọ̀lù, wọn kì í wà pọ̀ ju nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Láàárín àkókò kékeré bẹ́ẹ̀, íǹṣì díẹ̀ tí ó wà níwájú ni ó ń sọ ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà. Nítorí náà, bí owó yín kò bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ìdí ọ̀pá rí bí ó ṣe rí, kí ẹ sì fi ojú sí iwájú.

Ẹ WO BỌ́Ọ̀LÙ KÍ Ẹ TÓ WO Ọ̀PÁ

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ irú bọ́ọ̀lù tí ẹ ń gbá lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀lù púùlù ti àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ̀ ní nǹkan bí 57 mìlímítà. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń gbá lórí tábìlì kékeré, jẹ́ 51 mìlímítà. Ti snúkà gan-an, tí ó ní bọ́ọ̀lù pupa 15, jẹ́ 52.5 mìlímítà. Ẹ fi rúlà wọn èyí tí ó wà ní ibi eré yín.

Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá ni, ọ̀pá iwájú tí orí rẹ̀ jẹ́ 12 sí 13 mìlímítà ni ó wọ́pọ̀. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré ni, orí tí ó jẹ́ bíi 8 sí 10 mìlímítà ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹni tí ó bá gbé orí tí ó sanra lọ bá bọ́ọ̀lù kékeré kò ní rí ibi tí ó ń kàn dáradára, orí ọ̀pá náà á bo ojú bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lójú.

IRÚ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ WO NI YÍN?

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá bi ara yín léèrè bí ẹ ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. A ti kíyè sí i pé oríṣi mẹ́ta ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Oríṣi kìíní ni ẹni tí ó ń gbá àárín bọ́ọ̀lù funfun. Ó lè gbá a lókè díẹ̀ kí ó lè tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kejì, tàbí nísàlẹ̀ kí ó lè padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ọ̀pá àrà kankan. Ọ̀pá iwájú onígi tí ó tọ́, tí orí rẹ̀ jẹ́ 13 mìlímítà lórí bọ́ọ̀lù ńlá, tó o. Orí tí ó fẹ̀, tí awọ rẹ̀ kò ṣe ṣóńṣó jù, tilẹ̀ máa ń dárí ji ọwọ́ tí ó bá gbọ̀n díẹ̀.

Oríṣi kejì ni ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀gbẹ́, tí ó ń fẹ́ kí bọ́ọ̀lù funfun kan ara tábìlì kí ó sì yí lọ sí ibi tí òun ti rán an. Fún ẹni yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá iwájú ṣe pàtàkì jù. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù funfun ní apá òsì rẹ̀, kì í lọ tààrà ní ojú ìlà tí a na ọ̀pá sí. Ó máa ń yà díẹ̀ sí ọ̀tún. Bí a bá gbá a ní ọ̀tún, á yà sí òsì. Ohun tí ó ń fa ìyapa yìí ni ìwúwo orí ọ̀pá: bí orí bá ṣe wúwo tó ni ìyapa náà ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá iwájú tí orí rẹ̀ fúyẹ́. Wọ́n gbẹ́ inú orí náà ní ihò, wọ́n dín òrùka funfun kù, wọ́n sì mú un tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé-iṣẹ́ Predator ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1990, wọ́n pè é ní 314. Nígbà tí ó yá, wọ́n tún fi kábọ̀nù ṣe èyí tí wọ́n pè ní Revo, tí ó ní ìwọ̀n 11.8, 12.4 àti 12.9 mìlímítà. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀gbẹ́ púpọ̀ á rí ìrọ̀rùn nínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ojú rẹ̀ máa ń yọ kúrò nínú ìṣirò yóò dín kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú irọ́ kan fó. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọ pé ọ̀pá olówó ńlá ń mú bọ́ọ̀lù yí ju ọ̀pá lásán lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí awọ ti kan bọ́ọ̀lù, àti bí ọwọ́ ṣe yára tó, ni ó ń sọ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe yí. Ààlà sì wà. Lórí bọ́ọ̀lù tí ó jẹ́ 57 mìlímítà, bí awọ bá kan ibi tí ó jìnnà sí àárín ju nǹkan bí 14 mìlímítà lọ, ọ̀pá á yọ̀, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é.

Oríṣi kẹta ni alágbára, ẹni tí ó jẹ́ pé bí ó bá ń tú bọ́ọ̀lù ká ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, àwọn tí ń kọjá lójú títì á yíjú padà. Ẹ̀yin alágbára, ẹ má ṣe fi ọ̀pá iwájú tí ẹ fẹ́ràn ṣe iṣẹ́ yìí. Lílù bẹ́ẹ̀ ń tẹ awọ rírọ̀ pẹrẹsẹ. Àwọn tí wọ́n mọ eré náà dunjú máa ń ní ọ̀pá ọ̀tọ̀ fún títú bọ́ọ̀lù ká, tí awọ rẹ̀ le. Àwa ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ mú ọ̀pá ti ara ògiri fún un. Kò gbọn owó kankan dànù.

Ọ̀RỌ̀ ÌKA ỌWỌ́

Ẹ tún wo ọwọ́ tí ẹ ń tẹ́ sórí tábìlì. Àwọn kan máa ń fi ìka ìfábẹ̀lá ká ọ̀pá bí òrùka. Bí ọ̀pá iwájú bá ń sanra sí i kíákíá, bí ẹ ti ń tì í síwájú ni yóò máa fún ìka yín. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n wá èyí tí ìsanra rẹ̀ kò yí padà fún nǹkan bí íǹṣì 10 sí 14 láti orí. Àwọn mìíràn ń tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, tí ọ̀pá ń gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kọjá. Ìyẹn kò ní wàhálà. Ọ̀pá tí ó ń sanra díẹ̀díẹ̀ láti orí dé oríkèé, tí ó sì le ju ti ìṣáájú lọ, yóò bá wọn mu. Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń làágùn púpọ̀, kí ó ní aṣọ gbígbẹ lápò láti máa fi nu igi, tàbí kí ó wọ ìbọ̀wọ́.

ỌYẸ́ ÀTI IGI

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa tí a wà ní òkè ọ̀hún jù lọ, ní Kánò, Kàdúná, Sàríà, Jọ́ọ̀sì àti àyíká wọn. Igi maple ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀pá iwájú ti púùlù. Igi ash ni wọ́n sábà ń lò fún ti snúkà. Bí a tilẹ̀ ti gé igi, tí a sá a, tí a fá a, ó ṣì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u sílẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn ilé yín: èyí tí ó ń há ní àsìkò òjò, àlàfo ni yóò máa fi hàn nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀pá bá yára gbẹ ju èkejì lọ, yóò tẹ̀. Ẹ ronú nípa ọ̀pá tí a rà ní Èkó nínú ọ̀rinrin, tí a gbé dé Kánò nínú ọyẹ́ oṣù Kejìlá, tí a fi ti ògiri. Kí ó tó di oṣù Kejì, ó lè ti di ọrun ọdẹ. Irin pàápàá kì í dúró sójú kan: àwa tí a wà ní rélùwéè mọ̀ pé irin ń gùn sí i nínú oòrùn, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi àlàfo kékeré sáàárín irin kan àti èkejì.

Kábọ̀nù kò mu omi. Fọ́nrán dúdú tín-ín-rín ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle pa pọ̀, irú rẹ̀ ni wọ́n sì ń lò nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọyẹ́ kò lè tẹ̀ ẹ́, aṣọ lásán ni a fi ń nù ún. Ní ti èyí, ó sàn ju igi lọ fún ẹni tí ń rin ìrìn-àjò láti òkè ọ̀hún wá sílé. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ àti bí ó ṣe ń dún sí ọwọ́ yàtọ̀ sí ti igi, ẹlòmíràn kò sì ní fẹ́ ẹ láéláé. Bí ó bá là, kò sí káfíńtà tí yóò bá yín tún un ṣe.

Ẹni tí ó ní ọ̀pá onígi lè dáàbò bò ó láìná owó púpọ̀. Kí ó fi í sínú àpótí rẹ̀. Kí ó má ṣe fi ti ògiri, kí ó má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, kí ó má sì gbé e sí òkè àjà lábẹ́ páànù. Kí ó fi aṣọ tí ó lọ́rinrin díẹ̀ nu ìdọ̀tí kúrò, kí ó sì fi gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀. Kí ó jìnnà sí bébà tí káfíńtà fi ń dán igi, nítorí pé gbogbo ohun tí ẹ bá fi í ha kúrò kò ní padà mọ́. Bí ọ̀pá iwájú 13 mìlímítà ṣe ń di 12 nìyẹn.

ÌDÁNWÒ KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀pá iwájú kúrò lára ìdí, kí ẹ yí i lórí tábìlì títẹ́jú. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn, tí ń pa lábẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń yí, ó ti tẹ̀. Ẹ wo ìlà ara igi náà: ó dára kí ó gùn tààrà láti orí dé oríkèé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bọ́ọ̀lù funfun sí ìhín tábìlì, kí ẹ gbé òmíràn sí ọ̀hún, kí àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn. Ẹ gbá àárín. Tí ó bá kan án gbọ̀ngbọ̀n, ojú yín tọ́. Nígbà náà kí ẹ na ọ̀pá sí òsì díẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ti ìṣáájú láìdábùú rẹ̀, kí ẹ sì gbá bọ́ọ̀lù kíkan, nítorí pé èyí tí a gbá pẹ̀lẹ́ máa ń tẹ̀ padà lórí aṣọ. Ẹ wo bí ó ṣe yà tó. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ ṣe ti ọ̀tún pẹ̀lú. Ẹ wá fi ọ̀pá kejì ṣe bákan náà. Èyí tí ojú yín àti bọ́ọ̀lù bá ti gbọ́ ara wọn yé jù, òun ni tiyín, ì báà jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ kéré.

Ẹ rántí pé ẹni tí ó ti fi ọ̀pá kan gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún mẹ́wàá, ojú rẹ̀ ti mọ ìyapa ọ̀pá náà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Bí ó bá gba ọ̀pá tuntun lónìí, ó lè máa tàsé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ojú rẹ̀ tó tún mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pààrọ̀ ọ̀pá nígbà tí ìdíje bá kù fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ tún wo oríkèé. Ojú irin àtijọ́ tí ó ti Èkó lọ sí Kánò fẹ̀ ní 1,067 mìlímítà. Ti tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2021, fẹ̀ ní 1,435. Ọkọ̀ ọ̀kan kò lè rìn lórí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣó oríkèé ọ̀pá rí. Òmíràn jẹ́ ìdá 5 nínú 16 íǹṣì, tí ó ní eyín 14 tàbí 18 nínú íǹṣì kan. Òmíràn jẹ́ ìdá 3 nínú 8 íǹṣì, tí ó ní eyín 10. Ẹ gbé ìdí ọ̀pá yín dání lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ ra ọ̀pá iwájú. A kì í fi ẹnu wọn eyín ìṣó.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa bi wá léèrè láìpẹ́ yìí bóyá òótọ́ ni pé ọ̀pá kan lè gbówó lórí tó bí ọmọ òun ṣe sọ, tàbí ọmọ náà fẹ́ fi owó ṣe nǹkan mìíràn. A dá ìyá lóhùn pé ọmọ kò purọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀pá iwájú kábọ̀nù tí ó lókìkí ni owó wọn lé ní 300 dọ́là. Bí a bá ṣírò dọ́là kan ní 1,500 náírà, 450,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ oṣù mẹ́fà kò tó o rà. Àmọ́ a tún sọ fún ìyá pé òótọ́ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí àìní. Ọmọ tí kò tí ì lè gbá bọ́ọ̀lù funfun láti àárín kí ó lọ tààrà kí ó sì padà tààrà sí ẹnu ọ̀pá, kò sí ohun tí ọ̀pá yẹn yóò ṣe fún un tí awọ tuntun àti ọ̀pá onígi títọ́ kò ní ṣe.

Bí a bá fẹ́ ná owó, báyìí ni kí a tò ó. Kí a kọ́kọ́ pààrọ̀ awọ tí ó ti le bí òkúta, kí a sì máa fi ṣọ́ọ̀kì pa á déédéé. Lẹ́yìn náà, kí a ní ọ̀pá onígi kan tí ó jẹ́ tiwa, kí a má máa mú oríṣiríṣi lára ògiri, kí ojú lè mọ ọ̀kan. Bí ọdún kan tàbí méjì bá kọjá, tí a sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ ni eré wa, nígbà náà ni kí a wá bi ara wa nípa ọ̀pá tí orí rẹ̀ fúyẹ́. Efren Reyes, ará Philippines, ọ̀pá onígi ni ó fi gba ife àgbáyé púùlù ní Cardiff ní ọdún 1999.

Ohun kan ṣì kù tí a gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn kan ń ra ọ̀pá pẹ̀lú èrò pé wọn óò fi ta tẹ́tẹ́ lórí tábìlì, kí ọ̀pá náà lè san owó ara rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀pá mọ́, gbèsè ni. Owó àjọ, owó ilé-ìwé ọmọ, owó ilé tí onílé ń retí, kò sí èyí tí ó yẹ kí ó di ọ̀pá. Ìdálẹ̀ ni a wà. Bí owó bá tán lọ́wọ́ wa níhìn-ín, ilé jìnnà.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀pá tí ó fẹ́ kí a bá òun yẹ̀ wò, kí ó gbé e wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a jọ yí i lórí tábìlì kí a wò ó bóyá ó tọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lò ó, ẹ gbá a pẹ̀lú ọ̀yàyà, kí ẹ sì tètè padà sílé. Ayọ̀ ni a ó fi dé ilé o.